ESP32 àti Google Sheets ní Ògbómọ̀ṣọ́: ìlà ń sọnù, ṣíìtì sì ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ

ỌmọTakie

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ dákun, ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí, ó ti fẹ́ sú mi.

Ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ojú ọjọ́ ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbí. ESP32 DevKit ẹlẹ́sẹ̀ 30 ni ọpọlọ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ BME280, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á pè é. Wáyà I2C méjì ló fi ń bá ESP32 sọ̀rọ̀: SDA wà ní GPIO21, SCL wà ní GPIO22. Mo tún fi òṣùwọ̀n òjò kan sí i, irú èyí tó ní ṣíbí méjì lábẹ́ àrọ, tí ń dà sọ́tùn-ún dà sósì. Wáyà rẹ̀ kan wà ní GPIO34, ìkejì wà ní GND. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń fi ìlà kan ránṣẹ́ sínú Google Sheets nípasẹ̀ Apps Script (kóòdù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Google). Ráótà onísíìmù ló ń fún un ní Wi-Fi, ṣájà fóònù ló ń fún un níná.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Serial Monitor, ojú ìwé tí ESP32 ń kọ̀rọ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà, ń kọ 302, síbẹ̀ ìlà ń wọlé. Nígbà mìíràn á kọ -1, ìlà ò ní wọlé. Bó bá kọ -11, mo máa ń bá ìlà méjì tó jọra wọn bí ìbejì. Òpó ọ̀rinrin ń kọ 0 láti àárọ̀ dalẹ́. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ ń kọ 973 hPa, áàpù orí fóònù sì ń kọ 1011. Èyí tó wá burú jù: lọ́jọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín, ṣíìtì ní òjò rọ̀ mìlímítà 14. Bí iná bá sì lọ, gbogbo ìlà àkókò yẹn ti wọmi.

Líǹkì script náà rèé kí ẹ lè dán an wò: [alábòójútó ti yọ líǹkì yìí]

Ṣé kí n ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ni?

Ìyá Kóòdù

Ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ lọ sí Deploy, Manage deployments, kí ẹ pa deployment yẹn (ẹ̀dà script tí líǹkì yẹn ń ṣí) tì pẹ̀lú Archive, kí ẹ ṣe tuntun. Alábòójútó ti yọ líǹkì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dà á kọ ti dà á kọ. "Anyone" lẹ ní láti yàn kí ESP32 tó lè wọlé láì ní àkáǹtì Google, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè kọ ohun tó wù ú sínú ṣíìtì yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan kún un, bí mo ti ṣe nísàlẹ̀.

302 kì í ṣe àṣìṣe. Bí Apps Script ti ń ṣe nìyẹn: ìbéèrè yín dé script.google.com, script ṣiṣẹ́, ìlà wọ ṣíìtì, lẹ́yìn náà ni Google wá ní kí ẹ lọ gba èsì lọ́dọ̀ script.googleusercontent.com. Ẹ̀rọ yín kò lọ gbà á ni. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń wọlé tí ẹ sì rò pé kò wọlé.

-1 àti -11 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. -1 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Google rárá: Wi-Fi já, data tán, tàbí TLS (ìdè ààbò https) kọ̀. Kò sí ohun tó wọ ṣíìtì. -11 ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé ìbéèrè ti lọ, èsì ló pẹ́ jù. HTTPClient máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré bí ẹ kò bá yí i padà, Apps Script sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, pàápàá tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń fà. Kóòdù yín rí -11, ó rò pé kò lọ, ó tún un rán, ìbejì dé.

Ní ti ESP32:

```
http.setFollowRedirects(HTTPC_STRICT_FOLLOW_REDIRECTS);
http.setTimeout(15000);
int c = http.GET();
bool ok = (c == 200 && http.getString() == "OK");
```

Ẹ má fi 200 nìkan ṣe ẹ̀rí o. Bí script bá ní àṣìṣe, ojú ewé àlàyé àṣìṣe tí Google máa gbé jáde náà lè wá pẹ̀lú 200. Ojú ewé tó ní kí ẹ wọ àkáǹtì náà lè wá bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "OK" tí script yín fúnra rẹ̀ dá padà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ní ti Apps Script (t ni àkókò, T ìgbóná, H ọ̀rinrin, P ìfúnpá, R òjò, V foltéèjì bátìrì):

```
function n(x) {
  var v = parseFloat(x);
  return isNaN(v) ? "" : v;
}

function doGet(e) {
  var p = e.parameter;
  if (p.k !== "ORO_ASINA_YIN")
    return ContentService.createTextOutput("RARA");
  var lock = LockService.getScriptLock();
  lock.waitLock(10000);
  try {
    var sh = SpreadsheetApp.openById("ID_SIITI")
             .getSheetByName("data");
    sh.appendRow([new Date(Number(p.t) * 1000),
      n(p.T), n(p.H), n(p.P), n(p.R), n(p.V)]);
    return ContentService.createTextOutput("OK");
  } finally {
    lock.releaseLock();
  }
}
```

Ẹ wo `n` yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo `Number(p.H)`. Nínú JavaScript, `Number("")` kì í ṣe òfo, 0 ni. Bí sẹ́ńsọ̀ kò bá rí nǹkan kà, tí kóòdù ESP32 sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ṣíìtì á kọ 0, ẹni tó bá sì wò ó lóṣù tó ń bọ̀ á rò pé ọ̀rinrin jẹ́ òdo lóòótọ́. Ọ̀rinrin kì í jẹ́ òdo ní Ògbómọ̀ṣọ́, kódà lásìkò ọyẹ́ tí ètè ń bó. `parseFloat("")` ń dá NaN padà, `n` sì sọ ọ́ di òfo. Àyè tó ṣófo sàn ju nọ́ńbà irọ́ lọ: AVERAGE máa fo òfo, ṣùgbọ́n á ka 0 mọ́ ọn.

Ohun kan tún kù tí ń dààmú èèyàn. Bí ẹ bá yí kóòdù inú Apps Script padà tí ẹ sì tẹ Save lásán, líǹkì `/exec` ṣì ń lo ti àtijọ́. Manage deployments, àmì pẹ́ńsù, Version, New version, Deploy. Báyìí líǹkì kò ní yí padà. Bí ẹ bá tẹ New deployment, líǹkì tuntun ni wọ́n máa fún yín, ẹ ó sì ní láti tún kọ ọ́ sínú ESP32.

BabaSọ́dà

Àbúrò, má tíì náwó. Ìyá Kóòdù ti mú ti inú script, jẹ́ kí n mú ti orí bọ́ọ̀dù.

Sẹ́ńsọ̀ rẹ kì í ṣe BME280. Mo lè fi ọrùn dúró fún un. BMP280 ni, òun kò ní ọ̀rinrin nínú rárá, ìgbóná àti ìfúnpá nìkan ló ń kà. Àwọn tí ń tà wọ́n ń pe méjèèjì lórúkọ kan náà, nígbà mìíràn àwọn fúnra wọn kò mọ̀. I2C scanner kò lè tú àṣírí rẹ̀, torí 0x76 tàbí 0x77 ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì. Ka register 0xD0 (àyè inú sẹ́ńsọ̀ tó gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀): bó bá dá 0x60 padà, BME280 ni, bó bá dá 0x58 padà, BMP280 ni. Ojú náà lè mọ̀ ọ́n bí o bá ní awò: irin kékeré orí BME280 gùn ó sì fẹ̀ dọ́gba, mìlímítà 2.5 sí 2.5, ti BMP280 tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, 2.0 sí 2.5.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ọ̀rinrin, o máa ra òmíràn lóòótọ́. Ka 0xD0 níwájú ẹni tó ń tà á kí o tó sanwó. Ẹnì kan á ní kí o ra DHT11 torí pé owó rẹ̀ kéré. Má dá a lóhùn. Dígírì 2 sókè tàbí nísàlẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ nínú ìgbóná. DHT22 sàn, dígírì 0.5 ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìfúnpá, má sì ṣe kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

973 yẹn tọ̀nà. Má ṣe "tún un ṣe". Ògbómọ̀ṣọ́ ga tó bíi mítà 340 ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ orí wa kò sì tó ti àwọn ará Èkó. Ohun tí áàpù fóònù rẹ ń kọ ni ìfúnpá tí wọ́n ti ṣírò padà sí ojú òkun. Jẹ́ kí òpó D máa gba ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà gan-an, kí o ṣírò ti ojú òkun sínú òpó mìíràn, ìgbóná wà ní B:

```
=D2*POWER(1-(0.0065*340)/(B2+0.0065*340+273.15),-5.257)
```

Bí ìgbóná bá jẹ́ dígírì 27, 973 á di 1011 gẹ́lẹ́. Fi gíga ilé tìrẹ rọ́pò 340; mítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni hPa kan, nítorí náà ẹni tó wà lórí òkè àti ẹni tó wà ní àfonífojì kò ní rí nọ́ńbà kan náà.

Ó wá ku òjò ọjọ́ ọ̀dá rẹ. GPIO34 ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Láti 34 títí dé 39, ESP32 kò ní pull-up nínú (rẹsísítọ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ sókè sí 3V3 kó má bàa léfòó). O lè kọ INPUT_PULLUP títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ yẹn kàn ń léfòó ni, wáyà gígùn tí o so mọ́ ọn sì di eriali: tan fáànù, tan jẹnẹrétọ̀, á kà á sí òjò. Bí òṣùwọ̀n rẹ bá jẹ́ oní-0.2794 mìlímítà, mìlímítà 14 jẹ́ ìdà ṣíbí 50. Kì í ṣe ṣíbí ló dà á.

Gbé e lọ sí GPIO27. Fi rẹsísítọ̀ 10k láti ẹsẹ̀ náà sí 3V3, má gbára lé ti inú, torí ti inú kò lágbára tó fún wáyà gígùn. Fi kàpásítọ̀ 100 nF láti ẹsẹ̀ náà sí GND, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Jó wọn pọ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì (solder). Lílọ́ wáyà mọ́ra wọn máa dógùn-ún kí òjò kejì tó rọ̀. Nínú kóòdù, má ka ìdà tó bá tẹ̀lé òmíràn láàárín mìlísẹ́kọ́ńdù 200. Má bẹ̀rù pé wàá pàdánù òjò gidi: òjò tó lágbára tó mìlímítà 150 ní wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 6.7 ni ṣíbí á máa dà.

Tún wo ṣájà rẹ. Nígbà tí Wi-Fi bá gbéra, ESP32 máa ń fa iná gùdù lẹ́ẹ̀kan, ó lè tó 400 mA sí 500 mA fún ìgbà díẹ̀ péré. Wáyà USB tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn mítà méjì kò lè gbé e. Bí o bá rí "Brownout detector was triggered" nínú Serial Monitor, wáyà ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀, kí o sì fi kàpásítọ̀ 470 µF sáàárín 3V3 àti GND.

AráSábó

Kí ló dé tí ẹ kò lo ThingSpeak, ìkànnì tó ń gba ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà? Òun ti ní gíráàfù tirẹ̀, kò sí wàhálà 302 níbẹ̀.

Ìyá Kóòdù

Ó dára fún ẹni tó fẹ́ wo gíráàfù nìkan. Òpó mẹ́jọ péré ló wà fún channel kan, ti ọ̀fẹ́ sì ń fẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15 láàárín ìlà kan sí èkejì, èyí tí kò ní dí ỌmọTakie lọ́wọ́. Àmọ́ ṣíìtì ni àgbẹ̀, olùkọ́ àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣí lórí fóònù láì kọ́ ohun tuntun. Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá.

ỌmọTakie

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, sà. 0x58 ni mo rí o, BMP280 ni. Mo ti gbé òṣùwọ̀n lọ sí GPIO27 pẹ̀lú 10k, òjò èké ti dáwọ́ dúró. "OK" náà ń jáde.

Ó ku mẹ́ta. Mo ní kó máa kọ ìlà sínú flash (ibi ìpamọ́ inú ESP32) nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó dé, àwọn ìlà náà ń wọ ṣíìtì pẹ̀lú ọdún 1970. Ìkejì, ní ọ̀sán ó ń kọ dígírì 41 nígbà tí kò ju 34 lọ; abẹ́ òrùlé páànù ni mo gbé e kọ́. Ìkẹta, mo fẹ́ kó kúrò lórí iná ilé, kó máa lo bátìrì àti sólà. DevKit yìí náà ni mo fẹ́ lò.

Ìyá Kóòdù

1970 ni ibi tí aago ESP32 ti ń bẹ̀rẹ̀ bí kò bá tíì bá NTP (aago orí íńtánẹ́ẹ̀tì) sọ̀rọ̀. Nígbà tí iná bá dé, ESP32 á jí kí ráótà tó rí nẹ́tíwọ̀kì, á ka sẹ́ńsọ̀, á sì fi aago irọ́ sí i. Ẹ fi DS3231, aago kékeré tó ní bátìrì tirẹ̀, sórí I2C kan náà, àdírẹ́sì rẹ̀ ni 0x68, kò ní bá 0x76 jà. Bí NTP bá dáhùn, ẹ fi tún DS3231 ṣe lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí kò bá dáhùn, DS3231 ló ni ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí `t` (ìṣẹ́jú-àáyá láti 1970) bá kéré sí 1700000000, kó má fi ìlà náà ránṣẹ́.

UTC ni kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ jẹ́ kí ṣíìtì sọ ọ́ di aago Nàìjíríà: File, Settings, Time zone, ẹ yan Lagos. Bí ẹ bá ti fi `configTime(3600, 0, "pool.ntp.org")` sí i, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi wákàtí kan kún un lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀, ó sì ṣòro láti rí, torí pé ìlà ń wọlé déédéé.

Ìlà kan bíi báìtì 40, 288 lójúmọ́, jẹ́ báìtì 11,520. LittleFS (àyè fáìlì inú flash) tó fẹ̀ tó mẹ́gábáìtì kan á gbà tó 90 ọjọ́. Àyè kì í ṣe ìṣòro. Ìṣòro ni bí ẹ ṣe máa kó o lọ. Bí ẹ bá fi ìlà 200 ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, TLS nìkan á jẹ data yín, ẹ ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kó ìlà 50 pọ̀ sínú POST kan, kí `doPost` gbà á láti `e.postData.contents`, kí ó pín in sí ìlà, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú `setValues`. Fún POST, STRICT kì í tẹ̀lé 302. Ẹ gba 302 náà, ẹ wo `http.getLocation()`: bó bá dárúkọ script.googleusercontent.com, ẹ fi GET lọ ka èsì níbẹ̀, kí ẹ rí "OK" kí ẹ tó pa fáìlì rẹ́. Bó bá dárúkọ accounts.google.com, ẹ gbàgbé láti yan Anyone nìyẹn.

Ìbejì ṣì lè wáyé nígbà tí "OK" bá sọnù lójú ọ̀nà. Kò léwu. Aago ẹ̀rọ ni orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan kò sì lè ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ní aago kan náà. Ẹ fi `=UNIQUE(data!A2:F)` sí ṣíìtì kejì, kí ẹ máa ṣírò láti ibẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ẹ má fi iye òjò ìṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́. Ẹ fi àpapọ̀ ìdà ṣíbí láti ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́, nọ́ńbà tí kì í padà sẹ́yìn, kí ẹ pa á mọ́ sínú Preferences (àyè kékeré inú flash) kó má bàa di òdo nígbà tí iná bá lọ. Bí ìlà mẹ́wàá bá sọnù, ìlà kọkànlá ṣì gbé òjò wọn gbogbo dání. Bí ẹ bá ń fi iye ìṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́, òjò ìlà tó sọnù ti sọnù, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá òjò kò rọ̀ ni àbí ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Ìjì tó ń mú iná lọ ló ń mú òjò wá, nítorí náà òjò tó pọ̀ jù lẹ máa pàdánù. Ẹ má dààmú nípa flash: bí òjò ọdún kan bá tó mìlímítà 1,200, ìdà ṣíbí 4,300 ni, kékeré ni fún un.

Nínú àkópọ̀ ojúmọ́, ẹ fi COUNT sí ẹ̀gbẹ́ gíga jù, rírẹlẹ̀ jù àti àárín. Ọjọ́ tí COUNT kò bá tó 260 nínú 288, ẹ má kọ àárín rẹ̀.

BabaSọ́dà

Gbé e kúrò lábẹ́ páànù lónìí. Ìgbóná páànù lò ń kà, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Ó yẹ kó wà ní mítà 1.25 sí 2 lórí ilẹ̀ tó ní koríko, jìnnà sí ògiri àti sìmẹ́ǹtì. Ilé rẹ̀ kò le: ra abọ́ rọ́bà funfun pẹlẹbẹ mẹ́jọ, gé ihò sí àárín mẹ́fà, fi méjì tí kò níhò bo òkè. Fi bóòtù gígùn mẹ́ta so wọ́n, kí àlàfo abọ́ sí abọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2. Dojú wọn bolẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò. Funfun gan-an ni kó jẹ́; abọ́ tó mọ́ gaara bíi dígí ń jẹ́ kí oòrùn wọlé. Má gbé ESP32 sínú rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀, ooru tirẹ̀ á gun sẹ́ńsọ̀. Wáyà I2C kó má ju ìdajì mítà lọ, kí o sì máa ka sẹ́ńsọ̀ náà ní forced mode (kó kà lẹ́ẹ̀kan, kó padà sùn) kó má bàa fi ooru ara rẹ̀ tan ọ́. Lásìkò ọyẹ́, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò láàárín abọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Má fẹ́nu fẹ́ ihò sẹ́ńsọ̀, má sì fọ́n nǹkan kan sí i.

Òṣùwọ̀n òjò náà ní ọ̀tá tirẹ̀: agbọ́n, aláǹtakùn àti ewé. Agbọ́n kan tó fi ẹrẹ̀ kọ́lé sábẹ́ ṣíbí, òjò òdo lo máa rí títí òjò á fi tán. Fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí ihò ìsàlẹ̀, kí o sì fi asẹ́ sí ọ̀fun àrọ. Má gbà 0.2794 gbọ́ lásán. Wọn ẹnu àrọ. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11 sí 5, sẹ̀ǹtímítà 55 níbùú lóròó ni, mìlímítà òjò kan sì jẹ́ 5.5 ml. Fi síríǹjì kán 55 ml sí i díẹ̀díẹ̀, kó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn dúró fún mìlímítà 10. Ìdà 36 ló yẹ kó kà. Bó bá kà 33, pín 10 fún 33, 0.303 ni nọ́ńbà tìrẹ. Bí o bá da omi lẹ́ẹ̀kan náà, ṣíbí kò ní lè bá a, wàá rí nọ́ńbà tí kò tó. Kí òṣùwọ̀n dúró gbọọrọ, fi lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà wò ó.

Ní ti bátìrì, DevKit ni yóò dà ọ́. Ẹ̀rọ ESP32 fúnra rẹ̀ ń lo bíi 10 µA bó bá sùn, ṣùgbọ́n iná pupa orí bọ́ọ̀dù, AMS1117 (ẹ̀rọ tó ń sọ iná di 3.3 V) àti ẹ̀rọ USB ń jẹ 5 sí 10 mA lójú oorun. Ṣírò rẹ̀: ó jí fún ìṣẹ́jú-àáyá 8 nínú 300, ó ń jẹ 100 mA, àárín rẹ̀ jẹ́ 2.7. Fi 8 kún un, 10.7 mA. Bátìrì 18650 oní-2500 mAh á gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án láì sí oòrùn. Bí kò bá sùn rárá, tó ń jẹ 80 mA, wákàtí 31 péré. Nítorí náà sólà kékeré, 6 V oní-wáàtì 2, á tó bó bá ń sùn.

Àmọ́ má so 18650 mọ́ VIN. AMS1117 fẹ́ kí iná tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ tó 1.1 V, bátìrì tó kún sì jẹ́ 4.2. Yóò máa kú nígbà tí bátìrì ṣì ní nǹkan nínú. Lo ME6211, tí kò fẹ́ àlàfo tó bẹ́ẹ̀, láti bátìrì lọ sí ẹsẹ̀ 3V3, tàbí LiFePO4 oní-3.2 V tààrà sí 3V3. Bó bá jẹ́ LiFePO4, má fi TP4056 gba iná sí i láé, 4.2 V ni ìyẹn ń gbé e lọ. TP5000 tí o ti yàn sí 3.6 V ni tirẹ̀.

Òjò náà: nígbà tí ESP32 bá sùn, interrupt tó ń ka ìdà ṣíbí kò ṣiṣẹ́. ext0 (ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kan fi ń jí ESP32) ní GPIO27 ni kó máa jí i, kó fi ọ̀kan kún iye inú `RTC_DATA_ATTR` (ìrántí tí kì í parẹ́ lójú oorun), kó padà sùn láì tan Wi-Fi. Iye inú RTC kì í bá bátìrì tó kú tán jí padà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó máa kọ ọ́ sínú Preferences nígbàkígbà tó bá fi ìlà ránṣẹ́. Tún rántí pé ṣíbí lè dúró sáàárín, kí magnẹ́ẹ̀tì kọjú sí reed (ṣíwíìṣì kékeré inú òṣùwọ̀n), ẹsẹ̀ á wà ní LOW, ESP32 á máa jí, á máa sùn, títí bátìrì á fi tán mọ́jú. Bó bá jí tó ṣì rí LOW, kó fi aago nìkan sùn, kó má fi ext0 sí i ní ìgbà yẹn.

Foltéèjì bátìrì, kà á láti GPIO32 sí 39. Àwọn ẹsẹ̀ ADC2 (ẹgbẹ́ kejì nínú àwọn ẹsẹ̀ tó ń wọn foltéèjì) kì í kà bí Wi-Fi bá wà lórí.

AráSábó

Ìbéèrè kékeré: ṣíìtì kò ní kún?

Ìyá Kóòdù

Mílíọ̀nù 10 àpótí ni òpin rẹ̀, òfo àti èyí tó ní nǹkan nínú ni wọ́n jọ ń kà. Ṣíìtì tuntun ní òpó 26, láti A dé Z. Ìlà 105,120 lọ́dún ní òpó 26 jẹ́ 2,733,120, kò ní pé ọdún mẹ́rin tí yóò fi kún. Ẹ pa òpó G dé Z rẹ́ lónìí, kó ku mẹ́fà, ìyẹn 630,720 lọ́dún. Ìṣirò ti BabaSọ́dà àti UNIQUE, ẹ fi wọ́n sí fáìlì mìíràn pẹ̀lú IMPORTRANGE, torí ẹ̀dà náà ń ka àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

ỌmọTakie

Mo ti pa wọ́n rẹ́, mà. Mo ń lọ ra abọ́ funfun ní ọjà lọ́la. Mítà mélòó ló yẹ kí òṣùwọ̀n òjò jìnnà sí igi máńgòrò?

BabaSọ́dà

Ìlọ́po méjì gíga igi náà, ó kéré tán. Bí àyè kò bá tó, wá ibòmíràn gbé e sí. Má gé máńgòrò.